Láti Aláúsá dé Agége: Ọkọ̀ Inú Òjò Dídì àti Lọ́rì Bàbá Wa

Ẹni tí ó bá ti pẹ́ ní Èkó yóò mọ̀ pé kò sí bí a ti lè ṣe é, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ohun kan yóò gbé ènìyàn lọ sí Aláúsá. Bí kì í bá ṣe ìwé ilẹ̀, ìwé owó orí ni. Bí kì í bá ṣe èyí, ẹbí wa kan tí ó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ni a fẹ́ rí. Ní ti àwa, ìwé ilẹ̀ ni. Àwọn ẹbí fẹ́ tún ẹ̀yìn ilé tí Bàbá wa fi sílẹ̀ ní Agége kọ́, wọ́n sì ní kí àwa tí a wà ní tòsí lọ wo bí ìwé rẹ̀ ti rí. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, àwọn ọmọ wà ní họlidé, a kò sì rí ẹni tí a lè fi àwọn méjì tí ó kéré jù sílẹ̀ fún. A kó wọn dání.

Òjò ti rọ̀ mọ́jú. Gbogbo Aláúsá ń dán, ewé igi ń kán omi sílẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba sì ń fo ọ̀gbàrà bí ọmọdé tí ń ṣeré. Ẹni tí kò bá dé ibẹ̀ rí lè rò pé ọ́fíìsì kan ṣoṣo ni. Ìlú kan ni ó jẹ́ fúnra rẹ̀: ilé aláràbarà, ọ̀nà tó gbòòrò, ọgbà òdòdó, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin, àti ilé roboto tí ọ́fíìsì gómìnà wà. Ọdún 1967 ni wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀. Ọdún 1976 ni Ìkẹjà di olú-ìlú rẹ̀. Kí wọ́n tó dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀, abẹ́ ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn ni Ìkẹjà wà, ìjọba náà ni ó sì la ilẹ̀ ilé iṣẹ́ tí ó wà níbẹ̀ títí di òní. Ìdí nìyẹn tí ó fi jẹ́ pé bí o bá jáde kúrò níbi tí wọ́n ti ń tẹ ìwé, kò ní pẹ́ tí imú rẹ yóò fi gbọ́ òórùn ibi tí wọ́n ti ń ṣe nǹkan jíjẹ, àti òórùn epo ẹ́ńjìnnì.

Iṣẹ́ tí a bá lọ yá ju bí a ti rò lọ. Kí aago mọ́kànlá tó lù, a ti parí. A jókòó sábẹ́ igi kan lẹ́bàá ọ̀dọ̀ ìyá tí ń ta àgbàdo àti àgbọn, kí àwọn ọmọ lè jẹ nǹkan kí a tó forí lé Agége. Ibẹ̀ ni a wà tí fóònù fi dún. Àbúrò wa kan tí ó ń gbé ní Winnipeg, ní Kánádà, ni ó fi àwòrán ránṣẹ́.

Àwòrán ọkọ̀ kan ni. Ẹ jẹ́ kí a ṣàpèjúwe rẹ̀ fún yín. Ara rẹ̀ yípo bí ẹ̀yìn ìjàpá. Àwọn fèrèsé rẹ̀ róbótó bí ti ọkọ̀ ojú omi. Níwájú, níbi tí táyà yẹ kí ó wà, pátákó gígùn méjì ni ó wà, tí imú wọn ká sókè bí imú bàtà àwọn ará Lárúbáwá. Lẹ́yìn, ẹsẹ̀ bí ti katapílà ni ó ní. Gbogbo ilẹ̀ tí ó dúró lé lórí funfun nini. Àbúrò wa kọ ọ́ sí abẹ́ rẹ̀ pé àwọn apẹja ní agbègbè àwọn ṣì ń gbé irú ọkọ̀ yìí gun orí adágún tó ti dì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti lé ní 70 ọdún tí wọ́n ti ṣe òmíràn nínú wọn, àti pé pákó ni wọ́n fi kan ara rẹ̀.

Àbíkẹ́yìn wa, ọmọ ọdún mẹ́jọ, wo àwòrán náà, ó ní: “Bọlẹ̀kájà ni!”

A rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n nígbà tí a rò ó dáadáa, ọmọ náà kò kúkú jìnnà sí òtítọ́. Ìdí tí a fi ń kọ ìwé yìí nìyẹn, nítorí ọ̀rọ̀ bọlẹ̀kájà kan ni ó ń dúró dè wá ní Agége lọ́jọ́ náà, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ òjò dídì. Àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì sí èdè wa ní láti wá orúkọ fún ohun tí ọ̀pọ̀ jù nínú àwọn tí yóò kà á kò ní rí láé. Níbì kan wọ́n pè é ní òjò dídì, níbòmíràn wọ́n pè é ní ẹ̀gbọ̀n òwú. Èkejì yìí dára létí, ó sì jọ ọ́ lójú. Ṣùgbọ́n bí ó bá balẹ̀ tí ó ga tó ìbàdí ènìyàn, ọ̀rọ̀ òwú ti kúrò níbẹ̀. Ó ń gbé ọkọ̀ mì gẹ́gẹ́ bí ẹrẹ̀ ti ń gbé e mì lọ́dọ̀ wa. Táyà yóò máa yí lójú kan, yóò máa gbẹ́ kòtò fún ara rẹ̀, títí ikùn ọkọ̀ yóò fi jókòó sílẹ̀.

Ohun tí ó ń fà á kò le láti mọ̀. Ẹ wo ìyá tí ó wọ bàtà gogoro lọ síbi òkú lásìkò òjò, bí gìgísẹ̀ rẹ̀ ti ń wọ ilẹ̀ ṣìn-ìn, nígbà tí èkejì rẹ̀ tí ó wọ sálúbàtà pẹlẹbẹ ń kọjá lọ láìwẹ̀yìn. Ìwúwo wọn lè jẹ́ ọgbọọgba. Ibi tí ìwúwo náà tẹ̀ ni kò dọ́gba. Táyà mọ́tò dà bí gìgísẹ̀ gogoro: ibi tí ó fi kan ilẹ̀ kéré. Bí a bá fi ẹsẹ̀ katapílà rọ́pò rẹ̀, tí ó tẹ́ pẹrẹsẹ, ìwúwo náà yóò fọ́n ká, ọkọ̀ yóò sì gun orí òjò dídì lọ dípò kí ó rì. Pátákó iwájú ni ó ń darí rẹ̀. Gbogbo ọgbọ́n náà nìyẹn, ṣùgbọ́n ó gba ọ̀pọ̀ ọdún kí ènìyàn tó rí i ṣe dáadáa.

Ẹni tí ó ṣe ọkọ̀ inú àwòrán yẹn ni Joseph-Armand Bombardier, ará ìlú kékeré kan tí ń jẹ́ Valcourt, ní ìpínlẹ̀ Quebec ní Kánádà. Ọdún 1907 ni wọ́n bí i. Láti kékeré ni ọwọ́ rẹ̀ kò ti gbé jẹ́ẹ́. Nígbà tí ó di ọmọ ọdún 15, bàbá rẹ̀ fún un ní ògbólógbòó Ford kan kí ó lè máa tú u kó máa tún un tò. Ọmọ náà yọ ẹ́ńjìnnì rẹ̀, ó gbé e ka orí ohun tí a fi pákó kàn, ó so abẹ́bẹ̀ ńlá mọ́ ọn bí ti ọkọ̀ òfuurufú, ó sì gbé e jáde sí ojú títì tí òjò dídì bò. Ó rìn! Bàbá rẹ̀ ní kí ó tú u palẹ̀ lójú ẹsẹ̀, nítorí abẹ́bẹ̀ yẹn lè gé ènìyàn lọ́rùn. (Àwa òbí, ta ni kò ní ṣe bẹ́ẹ̀?) Nígbà tí ó pé ọmọ ọdún 19, ó ti ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì tirẹ̀.

Ní ìlú wọn nígbà náà, bí òjò dídì bá ti bẹ̀rẹ̀, ènìyàn á gbé mọ́tò rẹ̀ sórí òkúta títí ìgbà ooru. Ẹṣin àti ọmọlanke aláìnítáyà ni wọ́n ń lò. Nígbà òtútù ọdún 1934, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin kan, Yvon, ọmọ ọdún méjì, bẹ̀rẹ̀ sí í ké inú rírun. Àrùn tí àwọn dókítà ń pè ní appendicitis ni. Ó gba iṣẹ́ abẹ, ilé ìwòsàn sì jìnnà. Òjò dídì ti dí gbogbo ọ̀nà. Ẹ̀rọ kan tí bàbá rẹ̀ ń ṣe láti máa rìn lórí òjò dídì wà nínú ṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n títú ni ó tú sílẹ̀, kò tíì parí. Ọmọ náà kú.

Bàbá ọmọ yìí kò fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ó wá ọ̀nà láti fi rọ́bà ṣe ìgbànú tí ń yí, tí àgbá onírin tí a fi rọ́bà wé ń fà, kí òjò dídì má baà dì mọ́ ọn lára. Ní ọdún 1937 ìjọba Kánádà fún un ní ìwé pé tirẹ̀ ni ọgbọ́n náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta ọkọ̀ tí ń gbé ènìyàn méje. Ní 1942 ó dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀, ó sì gbé èyí tí ń gbé ènìyàn méjìlá jáde, tí wọ́n ń pè ní B12. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn. Pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a lẹ̀ pọ̀ ni ara rẹ̀. Àwọn dókítà rà á, àwọn tí ń pín lẹ́tà rà á, àwọn àlùfáà rà á. Wọ́n fi kó ọmọ ilé ìwé, wọ́n sì fi gbé aláìsàn.

Ohun tí ó pa ọjà náà yóò yà yín lẹ́nu: títún ọ̀nà ṣe ni. Nígbà tí ó fi máa di 1948, ìjọba Quebec bẹ̀rẹ̀ sí í gbá òjò dídì kúrò lójú ọ̀nà ìgbèríko. Nígbà tí mọ́tò lásán ti lè rìn nígbà òtútù, ta ni yóò tún ra ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ katapílà? Bombardier yí padà sí ọkọ̀ inú igbó àti inú àbàtà, nígbà tó sì di 1959 ó gbé kékeré kan jáde tí ènìyàn ń gùn bí ọ̀kadà, Ski-Doo, èyí tí ó sọ orúkọ rẹ̀ di ńlá. Ó kú ní 1964. Àwọn B12 wá di ohun inú ọgbà ẹ̀yìnkùlé, àfi èyí tí àwọn apẹja bíi ti ọ̀dọ̀ àbúrò wa kò jẹ́ kí ó sùn.

Ìyá alágbàdo tí ó ti ń tẹ́tí sí wa láti ìgbà náà mi orí, ó ní, “Ẹ wò ó, ọmọ ọdún méjì.” Ó fi àgbọn kan sí i fún àbíkẹ́yìn wa, kò sì gba owó rẹ̀.

A wọ ọkọ̀, a gba Agídíngbì, a sì yà sí ọ̀nà Ọba Akran. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọ̀nà yìí tẹ́lẹ̀, ẹ ó rántí bí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń tú jáde bí eṣú nígbà tí fèrè bá dún. Iṣẹ́ ṣì ń lọ níbẹ̀, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ti di ilé ìkẹ́rùsí. A fi ibi tí Dunlop wà han àwọn ọmọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe táyà fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí wọ́n tó dáwọ́ rẹ̀ dúró ní ọdún 2008. Táyà lọ́rì Bàbá wa, ibẹ̀ ni ó ti wá. Bàbá máa ń sọ pé bí ihò ara táyà bá ti jẹ tán, ẹni tí ó bá gbé e wọ inú ẹrẹ̀ ti fẹ́ sùn sójú ọ̀nà nìyẹn.

Ì bá dára kí ẹnì kan ti sọ èyí fún àwọn ará Amẹ́ríkà ní ọdún 1939. Ẹ fetí sí ìtàn yìí, nítorí àwọn ọmọ wa ní kí a tún un sọ lẹ́ẹ̀mẹta kí a tó dé Ọ̀gbà. Ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Thomas Poulter ya àwòrán ọkọ̀ ràgàjì kan tí wọn yóò fi rìn káàkiri ilẹ̀ yìnyín ní ìsàlẹ̀ ayé, Antarctica. Ó gùn tó mítà 17, ó wúwo ju 30 tọ́ọ̀nù lọ, ilé ìdáná àti ibùsùn wà nínú rẹ̀, àní ọkọ̀ òfuurufú kékeré kan ni yóò gbé rù lórí! Táyà rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ga tó mítà mẹ́ta. Wọ́n kàn án ní Chicago, wọ́n sì ń wà á lọ sí Boston lójú títì, tí ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ ènìyàn ń tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà láti wò ó. Ní ìpínlẹ̀ Ohio ó yẹ̀ kúrò lórí afárá, ó já sínú odò kékeré kan, ó sì lo ọjọ́ mẹ́ta níbẹ̀ kí wọ́n tó wọ́ ọ jáde.

Nígbà tí ó fi dé Antarctica ní January 1940, àṣírí tú. Táyà ńlá náà dán bọ̀rọ́, kò ní ihò kankan lára. Bí wọ́n ti fi iná sí i, ó ń yí lójú kan, ó ń rì. Wọ́n fi táyà ìpààrọ̀ méjì kún ti iwájú, wọ́n so ṣéènì mọ́ ti ẹ̀yìn, kò fi bẹ́ẹ̀ sàn. Níkẹyìn, ẹnì kan rí i pé bí wọ́n bá fi í sí rìfáàsì, ó ń rìn díẹ̀. Ẹ gbọ́ ná: ìrìn tí ó jìnnà jù lọ tí ọkọ̀ yìí rìn lórí yìnyín, bíi kìlómítà 148, ẹ̀yìn ni ó fi rìn ín! Wọ́n sọ ọ́ di ilé gbígbé. Nígbà tí wọ́n ń lọ wọ́n fi í sílẹ̀ níbẹ̀, òjò dídì sì bò ó. Wọ́n rí i ní 1946, wọ́n tún rí i ní 1958, láti ìgbà náà kò sí ẹni tí ó mọ̀ bóyá abẹ́ yìnyín ni ó wà tàbí ìsàlẹ̀ òkun.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọmọ ọdún 13, béèrè ohun tí àwa náà ti ń rò: ṣé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò dé ilẹ̀ Áfíríkà rí? Ó dé. Ó dé tòsí wa gan-an.

Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Adolphe Kégresse, ni ó ń tọ́jú àwọn mọ́tò Nicholas Kejì, ọba Rọ́ṣíà. Ọba fẹ́ kí mọ́tò òun máa rìn nígbà òtútù, Kégresse sì bá a ṣe ẹsẹ̀ ìgbànú tí ó rọ̀, tí kì í ṣe irin gbangba bíi ti katapílà, ó fi í rọ́pò táyà ẹ̀yìn. Nígbà tí wọ́n lé ọba kúrò lórí ìtẹ́ ní 1917, Kégresse padà sílé. Ṣùgbọ́n ìjọba tuntun kò kórìíra ohun rere: mọ́tò Rolls-Royce kan tí Lenin lò, tí ó ní irú ẹsẹ̀ yìí, wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Gorki Leninskiye lẹ́bàá Moscow. Ní Faransé, Kégresse pàdé André Citroën tí ń ṣe mọ́tò. Wọ́n ronú pé ohun tí kò rì nínú òjò dídì kò yẹ kí ó rì nínú iyanrìn. Ní ọjọ́ 17 December 1922, mọ́tò márùn-ún gbéra ní Touggourt ní Algeria, pẹ̀lú ènìyàn mẹ́wàá àti ajá kékeré kan tí ń jẹ́ Flossie. Wọ́n la aginjù Sàhárà já, wọ́n sì wọ Tìmbúkútù ní ọjọ́ 7 January 1923. Àwọn ni ó kọ́kọ́ fi mọ́tò la ibẹ̀ já. Ní October 1924 mẹ́jọ òmíràn tún gbéra, wọ́n gba Niamey àti Zinder kọjá lọ sí adágún Chad, kí wọ́n tó forí lé Kóńgò. Ẹ wo máàpù: Zinder kò jìnnà sí Kánò. Ohun tí wọ́n ṣe nítorí òjò dídì Rọ́ṣíà ti fẹsẹ̀ tẹ ẹnu ọ̀nà wa.

Ẹ̀yin tí ẹ bá sì ní oko, àwọn tírákítọ̀ Ferguson, ìbátan Massey Ferguson tí ẹ mọ̀, ni Edmund Hillary wà dé ìsàlẹ̀ ayé pátápátá ní ọjọ́ 4 January 1958, pẹ̀lú ẹsẹ̀ katapílà tí wọ́n so mọ́ táyà wọn. Ọ̀gá rẹ̀, Vivian Fuchs, ń bọ̀ láti apá kejì pẹ̀lú ọkọ̀ Sno-Cat mẹ́rin, ó sì fi ọjọ́ 99 la ilẹ̀ náà já. Ṣùgbọ́n a ti dé Agége.

Ìdílé wa wà lẹ́yìn ọjà, níbi tí a ti ń gbọ́ ariwo reluwé Red Line tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní October 2024. Lọ́rì náà wà níbi tí ó ti wà láti ìgbà tí a ti gbọ́n: Bedford, iwájú rẹ̀ onírin, ẹ̀yìn rẹ̀ pákó, SÙÚRÙ LÉRÈ lókè orí rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀dà ofeefee tí ó ti ń ṣí. Láti 1961 títí di 1979 ni Bàbá fi kó obì àti iṣu, àti ènìyàn, láti apá Ìmẹ̀kọ àti Ayétòrò wá sí Agége. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò mọ bí bọlẹ̀kájà ti rí. Àga pákó ni, orúnkún rẹ ń gbá orúnkún ẹni kejì, bí kọ́ńdọ́ bá ti kó yín jù, orúkọ ọkọ̀ náà a máa ṣẹ, “bọ́ọ́lẹ̀ kí á jà.” Láti orí rẹ̀ ni Èkó ti bọ́ sí mólúè, àti láti orí mólúè sí bọ́ọ̀sì BRT tó bẹ̀rẹ̀ ní 2008. Àwa ọ̀dọ́ ìgbà náà bú u, a kò sì rántí pé òun nìkan ni ó ń dé ibi tí ọ̀nà kò dé.

Àwọn tí ń ra irin kọ́ńdẹ́ẹ̀mù ti dé sí ẹnu géètì pẹ̀lú okùn àti ọkọ̀ wọn. Bàbá Kékeré, àbúrò Bàbá wa, ti bá wọn dúnàá dúrà. Owó náà kò pọ̀, ṣùgbọ́n yóò ra sìmẹ́ńtì ìpìlẹ̀, ibi tí ìpìlẹ̀ náà yóò gbà sì ni lọ́rì dúró sí. Ọ̀rọ̀ ti parí lójú tirẹ̀. Kò tíì parí lójú Àǹtí wa.

Àǹtí ni àkọ́bí. Ìyá àgbà ni wọ́n, wọ́n ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Wọ́n jókòó sórí àtẹ̀gùn lọ́rì náà, wọ́n ká ọwọ́ sáyà.

“Ìwọ ọmọ yìí, ṣé orí irin ni o fẹ́ sùn mọ́jú?” Bàbá Kékeré bi wọ́n.

“Ẹ má bínú sí mi, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé èmi náà mọ́ ọn.”

Gbogbo ilé ni ó mọ ìdí rẹ̀. Ọdún 1969 ni, Àǹtí jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin, wọ́n wà lọ́dọ̀ ìyá àgbà ní abúlé kan lẹ́yìn Ìmẹ̀kọ, gìrì sì mú wọn ní òru. Bàbá sùn síbẹ̀ lọ́jọ́ náà pẹ̀lú ẹrù obì. Wọ́n da obì sílẹ̀, wọ́n gbé ọmọ sórí ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀, wọ́n forí lé Abẹ́òkúta. Òjò ti sọ ọ̀nà di ọbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni lọ́rì rì. Bàbá so ṣéènì mọ́ táyà. Ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ ń sáré gbé pákó gígùn méjì sí iwájú táyà, bí ó bá ti gùn ún tán á tún sáré fà á yọ, á tún gbé e síwájú. Báyìí ni wọ́n ṣe títí ilẹ̀ fi mọ́. Wọ́n dé ilé ìwòsàn, Ọlọ́run sì dá ẹ̀mí ọmọ sí.

A kò mọ ohun tí a ó sọ. Ìpìlẹ̀ ilé ní láti wáyé. Òjò á máa ba lọ́rì jẹ́ lọ. Ejò méjì ni wọ́n ti pa lábẹ́ rẹ̀ lọ́dún tó kọjá, àwọn ọmọ kéékèèké sì ń ṣeré níbẹ̀. Òótọ́ ni Bàbá Kékeré ń sọ. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ ọ́ fún Àǹtí lójú ara wọn?

Àbíkẹ́yìn wa ni ó lọ jókòó tì wọ́n. Ó gba fóònù lọ́wọ́ wa, ó fi B12 hàn wọ́n, ó ní, “Ẹ wò ó, Mọ́mì Àgbà, bọlẹ̀kájà àwọn ará Kánádà.” Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rò fún wọn bí ọmọdé ti ń ròyìn, abẹ́bẹ̀, bàbá tí ó ní kí ọmọ tú u palẹ̀, òjò dídì. Nígbà tí ó dé ibi ọmọ ọdún méjì, Àǹtí gba fóònù náà sí ọwọ́ ara wọn.

“Kí ni orúkọ ọmọ náà?”

“Yvon, mà.”

Wọ́n tún orúkọ náà pè ní jẹ́jẹ́, bí ó ti rọrùn fún wọn láti pè é. Wọ́n wo àwòrán náà pẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n béèrè pé, “Ọkọ̀ ọ̀hún kò tíì parí nígbà náà?” Ọmọ náà ní rárá, títú ni ó tú sílẹ̀. Àǹtí kò sọ nǹkan kan mọ́. Wọ́n dìde, wọ́n gbọn ẹ̀yìn aṣọ wọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ lọ́rì, wọ́n sì ké sí ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́kọ̀ irin pé kí ó bá àwọn fa ohun tí ó wà níbẹ̀ jáde. Pákó méjì ni, ó gùn, ó nípọn, ìlà táyà sì hàn lára rẹ̀ bí ẹni fi ọ̀bẹ fín in. Ikán kò jẹ ẹ́, nítorí epo ẹ́ńjìnnì tí Bàbá máa ń fi pa á.

“Èyí ni tèmi,” ni wọ́n wí. “Ẹ máa gbé ìyókù lọ.”

Bàbá Kékeré ní kí wọ́n yọ pátákó SÙÚRÙ LÉRÈ náà mọ́ ọn. A kò mọ̀ pé ó wù wọ́n rí.

Ó gbà wọ́n ju wákàtí kan lọ. Táyà iwájú méjèèjì ti dì mọ́ ilẹ̀, ọwọ́ ìdarí kò yí, wọ́n fà á títí okùn fi já lẹ́ẹ̀kan. Ní ìkẹyìn, ọ̀gá wọn ní kí wọ́n lọ so okùn mọ́ ìdí rẹ̀. Wọ́n fà á, pákó ara rẹ̀ ké, ó mì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Àwọn ọmọ wa méjèèjì wo ara wọn, wọ́n sì bú sẹ́rìn-ín, tí àwọn ará ilé kò mọ ohun tó ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín: ẹ̀yìn ni lọ́rì Bàbá wa fi jáde ní géètì Agége.

Àǹtí fi pákó méjèèjì sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n sì béèrè lọ́wọ́ wa bóyá ìwé ilẹ̀ náà pé. A ní ó pé, mà.